Bí Mo Ṣe Dorí Ìtàn Sójà Kan Kodò Nítorí Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá, nítorí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí, ojú ló ń tì mí. Èmi tí mò ń fọ́nnu káàkiri pé kò sẹ́ni tó lè rí àṣìṣe nínú ìwé tí mo bá tẹ̀!

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nínú Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí ẹnu géètì. Mò ń tẹ lẹ́tà, mò ń ṣe fótòkópì, mò ń di ìwé pọ̀, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn òbí wọn tó ti lọ. Ìyá Ìbùkún ni gbogbo estate ń pè mí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí mo bá sì ní mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá kan wà ní búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, Bàbá Gọ́nà là ń pè wọ́n. Sójà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe sójà tó ń gbé ìbọn kọ́ èjìká o! Ìbọn àgbá ni tiwọn, èyí tó ní táyà, tí ọkọ̀ ńlá ń fà kiri, tí ọta rẹ̀ ń fò kọjá òkè lọ bọ́ síbi tí ojú ò lè tó. Ẹni tó ń yìn ín ni òyìnbó ń pè ní gunner, òun la sọ di Gọ́nà. Ọdún keje rèé tí Bàbá ti wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin níbí.

Etí òsì Bàbá ti dí, ìbọn yẹn ló sì dí i, nítorí náà ariwo ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Tí Bàbá bá kí èèyàn lẹ́nu géètì, àwọn tó wà ní àjà kẹta lè dáhùn. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní Bàbá ṣì ń bá ìbọn sọ̀rọ̀. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Àmọ́ ẹ ò lè rí bàtà Bàbá kó má dán, ojú áyọ́ọ̀nù tó wà lára ṣòkòtò wọn sì lè gé búrẹ́dì. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìsọlọ̀ àti Òkè-Àfà mọ ìdí tí a kì í fi ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ṣeré lágbègbè wa, láti ọjọ́ tí ọta ìbọn inú bárékè àwọn sójà bú gbàmù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì sá kó sínú omi Òkè-Àfà tí wọ́n kú, torí náà kò sẹ́ni tó ń bi Bàbá léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aago mẹ́jọ gééré, tí Bàbá wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé àjákọ kan lábẹ́ apá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n tẹ ìtàn kan fún àwọn. Mo fa bébà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn: ọdún wo ni wọ́n bí yín, iléèwé wo lẹ lọ, ọmọ mélòó lẹ bí?

Bàbá ní rárá, kì í ṣe ìtàn tàwọn. Ìtàn ìbọn kan ni, àti ti àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí ogun Liberia.

Ìtàn ìbọn kẹ̀? Mo wò wọ́n. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ti ń bá Bàbá ṣeré.

Ni Bàbá bá jókòó, wọ́n là á yé mi. Wọ́n ní nídìí ìbọn àgbá, èèyàn kì í jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ńbà ló ń jẹ́, nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà Kìíní ni olórí. Òun ni ìbọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, òun ló ń pàṣẹ, òun náà ló máa dáhùn tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà Kejì ló ń ṣí ìdí ìbọn tó sì ń tì í. Nọ́ńbà Kẹta ló ń wo awò ìbọn, ìyẹn dígí tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta ń lọ; tí ọ̀gá tó wà lókè Nọ́ńbà Kìíní bá ti pe ìṣirò ibi tí ọta máa bọ́ sí, òun ló máa yí ẹnu ìbọn síbi tí ìṣirò náà wí. Nọ́ńbà Kẹrin ń ki ọta bọ ìbọn, Nọ́ńbà Karùn-ún àti Nọ́ńbà Kẹfà sì ń gbé ọta wá. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, kò sẹ́ni tó ń pe Lágbájá tàbí Làkásègbè. Nọ́ńbà nìkan ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá á jókòó síwájú mi, wọ́n á ka gbólóhùn kan láti inú ìwé àjákọ wọn, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tí wọ́n fi bírò dúdú kọ. Èmi á tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá á ní kí n tún un kà fún àwọn sínú etí ọ̀tún. Tí n ò bá tíì kà á, a ò ní lọ síwájú. Inú kọ́kọ́ bí mi! Ta ló ń ṣe irú èyí ní ayé kọ̀ǹpútà? Bàbá ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá á pe ìṣirò, ẹni tó gbọ́ ọ á tún un pè padà, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní tí ọta bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn, kò sí pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ara mi ti ń wà lọ́nà. Mo ti ń gbé ṣíà Bàbá sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ, mo sì ń se tíì dè wọ́n. Àwọn oníbàárà mi míì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé mò ń dá wọn dúró. Ẹ má bínú, sójà ló ń sọ̀rọ̀!

Ìtàn náà dùn, ó sì wú mi lórí. Òjò ibẹ̀, Bàbá ní kì í dá. Àwọn mẹ́fà yẹn á bọ́ aṣọ òjò tiwọn, wọ́n á fi bo ìbọn, omi á wá pa àwọn fúnra wọn. Ọjọ́ kan wà tí táyà ìbọn rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ńbà Kìíní, tó jẹ́ olórí, ló kọ́kọ́ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọnú ẹrẹ̀.

Àní Nọ́ńbà Kìíní yìí, kò sí ojú ìwé kan tí Bàbá ò ti dárúkọ rẹ̀. Kì í jẹun títí àwọn márùn-ún yòókù á fi jẹun tán. Nọ́ńbà Kẹrin ò mọ̀wé, Nọ́ńbà Kìíní ló ń bá a kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀ ní òkè ọya. Tí ìyàwó yẹn bá fèsì, Nọ́ńbà Kìíní á mú un lọ sábẹ́ igi, á rọra kà á fún un, kí àwọn tó kù má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn. Mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà láìmọ ojú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà la dé ojú ìwé kan tí Bàbá dákẹ́ sí. Wọ́n wo ìwé àjákọ yẹn títí, tíì wọn tutù. Wọ́n wá kà á lẹ́ẹ̀kan péré, wọn ò sì ní kí n tún un kà:

«Nọ́ńbà Kẹta yí ìṣirò ṣì. Ọta bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn sójà tiwa wà. Èèyàn méjì fara pa, kò sẹ́ni tó kú. Ó yẹ kí Nọ́ńbà Kìíní yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ wọ́n ń kán wa lójú. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣe é, Nọ́ńbà Kìíní ní òun ni. Nọ́ńbà Kẹta dákẹ́.»

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí. N ò béèrè nǹkan kan. Bàbá ò tíì sọ fún mi rí nọ́ńbà tí àwọn fúnra wọn jẹ́, mo sì rò pé sójà míì kan ni Nọ́ńbà Kẹta yẹn.

Lọ́jọ́ tá a parí, Bàbá fún mi ní bébà kan lọ́tọ̀. Orúkọ àwọn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ipò wọn àti ọjọ́ orí wọn nígbà náà. Ẹni tó ṣáájú ni Sájẹ́ńtì Múráínà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹni kẹta ni Bàbá fúnra wọn, Kọ́pórà Ọdẹ́wùmí, ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Wọ́n ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kí n fi í sí. Bàbá ní àwọn ń lọ sinmi.

Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo ọgbọ́n àgbọ́njù.

Mo wo àwọn orúkọ náà, ara mi ò gbà á. Ọmọ Yorùbá ni mí o! Báwo ni màá ṣe kọ orúkọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n síwájú ẹni tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ? Tí àwọn ọmọ Bàbá bá rí i ńkọ́, tí wọ́n rí i pé wọ́n fi bàbá wọn sí ẹ̀yìn àbúrò? Mo ní Bàbá ti gbàgbé ni, tàbí ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Mo bá fi ọwọ́ ara mi gbé orúkọ Bàbá lọ sókè, mo sì to àwọn yòókù tẹ̀lé e bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Múráínà bọ́ sí ipò kẹta. Kọ̀ǹpútà sì tún nọ́ńbà iwájú wọn tò fúnra rẹ̀, láti orí ení títí dé orí ẹ̀fà. Ó gún régé. Mo tún yin ara mi pé mo gbìyànjú.

Ṣé ẹ ti rí ohun tí mo ṣe? Èmi ò rí i.

Mo gbé e lọ sí Òṣòdì lọ dì, ogún ẹ̀dà, èèpo aláwọ̀ búlúù. Nígbà tí mo kó o dé, Bàbá fọwọ́ pa á lára, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Ojú wọn ò ríran ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Wọ́n bi mí bóyá bí àwọn ṣe sọ ọ́ náà ló wà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, kò yẹ̀ kúrò.

Ìgbà náà ni Bàbá wá rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀dà kan lọ sí ilé kan ní Òkè-Àfà, kí n fún ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kúdí. Ìyàwó Sájẹ́ńtì Múráínà ni. Sájẹ́ńtì fúnra wọn ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá ní kí ìyá náà wá ẹni kà á fún wọn kọ́kọ́, àwọn á wá fúnra àwọn lọ́jọ́ Sunday.

Bàbá sọ nǹkan míì fún mi. Wọ́n ní ọdún mẹ́rin ni àwọn àti Múráínà fi jọ gbé àdúgbò kan náà kó tó kú, tí àwọn ò sì lọ kí i. Lọ́jọ́ kan ní Òṣòdì, wọ́n rí i lódìkejì títì, ó gbé àpò kan lọ́wọ́. Bàbá, odindi sójà, yà sẹ́yìn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀, wọ́n dúró síbẹ̀ títí ó fi kọjá. Mo rò pé ìjà àtijọ́ kan ló wà láàárín wọn. Mo béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní ó wà nínú ìwé.

Ọjọ́ Friday ni mo mú un lọ. Ìyá Kúdí gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, Kúdíràtù, tó jẹ́ tíṣà, wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá yìí gbọ́ pé ìtàn iṣẹ́ ọkọ wọn ló wà nínú ìwé náà, wọ́n gbé e mọ́ àyà kí wọ́n tó kà á rárá. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí ọkọ àwọn ti dé láti Liberia, wọn ò rí bébà kan ṣoṣo tó sọ ohun rere nípa iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ológun ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Géètì ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ló ń ṣọ́ títí ó fi kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa pè é ní sójà tó yìnbọn lu àwọn èèyàn ara rẹ̀, kódà lójú àwọn ọmọ. Ìyá Kúdí ní tí àwọn bá bi í léèrè, ohun kan náà ló máa ń sọ, pé ìkáwọ́ òun ni ìbọn náà wà. Àmọ́ ọkàn àwọn ò gbà á rí pé òun ló ṣe é, wọ́n sì ti bá ẹbí jà lórí ẹ̀ ju iye ìgbà tí ẹnu lè kà lọ.

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Mo tún ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ mi yìí, iṣẹ́ ribiribi ni!

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn tí mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti Bàbá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Òkè-Àfà. Bàbá dé fìlà sójà wọn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá ni Ìyá Kúdí kúnlẹ̀ síwájú Bàbá.

«Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ẹ̀bi rẹ̀ rù, tí wọn ò sì gbà fún yín.»

Bàbá ò gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n yí etí ọ̀tún sí i, wọ́n ń bi mí pé kí ni ìyá wí? Èmi náà ń bi ara mi léèrè. Ẹ̀bi ta ni Bàbá fẹ́ rù?

Ìyá Kúdí ń sunkún. Wọ́n ní: «Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá wọn jà pé kò ṣe é. Àṣé ó ṣe é. Ó dáa, ó kéré tán mo ti mọ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dárí jì mí fún gbogbo èébú tí mo ti bú u.»

Mo ṣì ń wò wọ́n ni Kúdíràtù rọra gbé ìwé náà wá.

«Ẹ má bínú, Àǹtí,» ó kọjú sí mi, «mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé Nọ́ńbà Kìíní ni olórí. Kọ́pórà sì ni Bàbá, sájẹ́ńtì ni dádì mi. Ṣé kọ́pórà lè jẹ́ ọ̀gá fún sájẹ́ńtì?»

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo orúkọ tí mo tò. Ọ̀kan, Ọdẹ́wùmí. Ẹ̀ta, Múráínà. Mo ṣí ojú ìwé tí Bàbá dákẹ́ sí: Nọ́ńbà Kẹta yí ìṣirò ṣì. Nọ́ńbà Kìíní ní òun ni.

Yéè! Mo gbé! Ẹ̀ṣẹ̀ tí Bàbá fẹ́ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó kú, mo ti kó o lé òkú lórí. Oore tí òkú ṣe, mo ti gbé e fún Bàbá. Ìyá tó ti ń gbèjà ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ sì ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń bú u. Gbogbo ẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ fi àgbà ṣáájú!

Èmi náà lọ sílẹ̀ lórí eékún. Mo sọ fún Ìyá Kúdí pé èmi ni mo ba ìwé náà jẹ́, pé mo tún orúkọ tò láìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo kígbe sí etí ọ̀tún Bàbá, mo sì sọ ohun tí mo ṣe àti ìdí tí ìyá yìí fi ń kúnlẹ̀ fún wọn. Mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí. Ì bá ti tọ́ sí mi.

Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúró ṣánṣán, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀ ní estate pariwo pé: «Èmi ni Nọ́ńbà Kẹta! Èmi ni mo yí i ṣì! Ọkọ yín ni Nọ́ńbà Kìíní!»

Àwọn alájọgbélé yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rò pé ìjà ni.

Ìyá Kúdí nu ojú, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì béèrè ohun kan ṣoṣo: «Ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni?»

Bàbá ní ó mọ̀. Lẹ́yìn tí ìròyìn dé pé ọta ti bọ́ síbi tí kò yẹ, Múráínà tẹ̀ ba, ó fojú sí awò ìbọn, ó rí ìṣirò tí Bàbá yí sí. Ó wo Bàbá lójú. Ó ní kí wọ́n lọ bu omi mu. Nígbà tí Bàbá fi máa bu omi náà padà, ó ti dúró níwájú ọ̀gá. Ọmọ mẹ́rin ni Bàbá ti bí nígbà náà, Múráínà ò tíì bí ju Kúdíràtù lọ. Bàbá ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu àwọn ò gbà á. Wọ́n tún fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ojoojúmọ́ ló ń le sí i.

Mo ń retí kí Ìyá Kúdí ṣépè, tàbí kí wọ́n ní àwọn ti dárí jì wọ́n, bí a ṣe máa ń ṣe é kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀. Wọn ò ṣe ìkankan. Wọ́n gbé gèlè, wọ́n wé e.

«Mi ò tíì lè sọ pé mo dárí jì yín, sà. Bóyá lọ́la. Àmọ́ ẹ wá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.»

Bàbá dé fìlà wọn padà. Wọ́n ní ó yá.

Mo fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ dúró, Bàbá kọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi rìn ín. Oòrùn ọ̀sán Òkè-Àfà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n! Ilé mẹ́ta la yà. Ní ilé àkọ́kọ́, Bàbá dúró ṣánṣán, wọ́n sọ ọ́. Ní ilé kejì, wọ́n sọ ọ́, ọkùnrin ibẹ̀ sì lọ́ tìkọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ìyá Kúdí ní kò tíì di àtijọ́ lójú àwọn. Bàbá tún un sọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ wọ́n. Mo wo arúgbó yìí bí òógùn ṣe ń ṣàn wọ kọ́là wọn, mo ní nínú ọkàn mi pé ẹni tó dákẹ́ lọ́jọ́ ogun, ẹ wá wo bó ṣe ń jà lónìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilé kẹta ni ti ẹ̀gbọ́n àgbà. Wọ́n jókòó síta lórí ṣíà onírọ́bà, wọ́n rí wa lókèèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ tí Ìyá Kúdí bẹ̀ láàárọ̀ ti tó, kí wọ́n má da ara wọn láàmú wá sílé mọ́.

Bàbá dúró. Wọ́n la ẹnu. Ohùn ò jáde. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dé àjà kẹta, ariwo tí wọ́n pa nílé Ìyá Kúdí ti gbé e lọ pátápátá. Ètè wọn kàn ń mì.

Ni Ìyá Kúdí bá kọjá síwájú wọn.

«Ọkọ mi ni Nọ́ńbà Kìíní,» ni wọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n béèrè pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá tí kò fojú kan ìbọn àgbá rí láyé, dúró nínú oòrùn, wọ́n ka iṣẹ́ àwọn mẹ́fà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ẹni tó ń ṣí ìdí ìbọn, ẹni tó ń wo awò, ẹni tó ń ki ọta, àwọn tó ń gbé e wá. Wọ́n sọ ti ẹrẹ̀. Wọ́n sọ ti lẹ́tà abẹ́ igi. Àṣé ọjọ́ méjì tí ìwé yẹn fi wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti ní kí Kúdíràtù kà á. Wọ́n wá sọ ẹni tó yí ìṣirò ṣì, wọ́n fọwọ́ hàn án, Bàbá sì mi orí. Wọ́n sọ ẹni tó ní òun ni.

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ojú sínú ilé, wọ́n pe àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn jáde, èèyàn bíi mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀.

Wọ́n ní: «Ìyàwó wa, ẹ tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn ní èyí tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀.»

Ibẹ̀ ni ẹkún gbé mi.

Mo ti gba gbogbo ẹ̀dà yẹn padà, mo sì ti tẹ òmíràn bí Bàbá ṣe kọ ọ́ gan-an. Ní ti Ìyá Kúdí, wọ́n fi mọ́ínmọ́ín rán Kúdíràtù sí Bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni pé àwọn ò tíì dárí jì wọ́n tán o, àmọ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ kó tó tutù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ pọ̀, méjì ni màá sọ. Ọ̀wọ̀ dára, mi ò ní fi sílẹ̀, àmọ́ kí n tó fi ọ̀wọ̀ tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe, màá béèrè lọ́wọ́ àgbà náà kọ́kọ́. Èkejì ni ti Òṣòdì. Títì kan péré ló wà láàárín Bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Ká ní wọ́n fo títì yẹn ni, Sájẹ́ńtì Múráínà ì bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé, ẹ fo títì.

Ó wá kù sọ́wọ́ yín. Ta ló ti gba ẹ̀bi yín rù rí, nílé, níléèwé, níbi iṣẹ́, tí ẹ̀yin sì dákẹ́? Tí ẹ bá lè sọ ìtàn náà, ẹ sọ ọ́ sí abẹ́ ibí yìí, èmi á kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún nìkan síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, mi ò ní tún un tò.